Ìgbà wo ló yẹ kí Rogue lo Vanish nínú arena?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀ nínú eré kọ̀ǹpútà World of Warcraft. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má sì bínú bó bá gùn díẹ̀.

Rogue (jagunjagun tó ń yọ́ kọlu ọ̀tá) ni mo ń lò, ẹ̀ka Subtlety rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi tó ń lo Mage (oṣó) la jọ ń wọ arena 2v2, ìjà ẹni méjì sí ẹni méjì. Ìbẹ̀rẹ̀ ìjà kì í yọ wá lẹ́nu. Màá yọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn nínú Stealth (ipò àìrí), màá fi Sap dá oníwòsàn wọn dúró, màá sì fi Cheap Shot mú ẹnì kejì, tí kò ní lè ṣe nǹkan kan fún ìṣẹ́jú àáyá 4. Kidney Shot ló kàn, ṣùgbọ́n irú ìdádúró kan náà ni òun àti Cheap Shot, nítorí náà ìdajì àkókò rẹ̀ ló ń kù. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: oníwòsàn á ti jí, á wo ẹnì kejì rẹ̀ sàn, wọ́n á wá dà bò mí.

Mo ti fi Blind, tó ń da ọ̀tá lójú rú, gbìyànjú láti tún dá oníwòsàn dúró. Ó dára, àfi tí oníwòsàn bá ṣì ní medallion (ohun tó lè fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀) lọ́wọ́. Polymorph àbúrò mi, tó ń sọ ọ̀tá di àgùntàn, ńkọ́? Tó bá tètè tẹ̀ lé Sap, kì í pẹ́ lára wọn.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé kí n lo Vanish (tó ń jẹ́ kí n pòórá padà sínú Stealth láàrin ìjà) ní kété tí ìkọlù àkọ́kọ́ bá parí, kí n lè tún yọ́ wọlé, àbí kí n tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa mí?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.