Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí fídíò igbó Ọ̀yọ́-Ilé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀yọ́ níbí ni mò ń gbé, èmi àti àbúrò mi fẹ́ lọ ya fídíò ní Old Oyo National Park, igbó ńlá tí àwókù Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú ẹ̀ yẹn, ó ju 2,500 square kilometer lọ, ẹfọ̀n wà níbẹ̀, ọ̀bọ náà wà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la fẹ́ lọ torí koríko á ti gbẹ, ẹran á sì máa wá mumi lódò. Ohun tó ń kó mi lọ́kàn sókè gan-an ni àwọn tó ń yọ́ pẹran. Tá a bá fi ibi tẹ́ran ti ń mumi han gbogbo ayé, ṣé kì í ṣe àwa la júwe ọ̀nà fún wọn yẹn? Àbúrò mi ní tá ò bá fi hàn fídíò ò ní dùn, èmi ò gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ya irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ta la sì máa rí fún pámíṣọ̀n láti lo dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò tá a fẹ́ fi ya fídíò látòkè?