Orúkọ mẹ́ta ni kí á fún un: akólẹ́tàpé, atolẹ́tà àti asolẹ́tàpọ̀

Ẹ̀gbọ́n wa tí ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ dábàá pé kí á máa pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn tí àwọn lẹ́tà kan pàtó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá nínú eré ọ̀rọ̀, ní "akólẹ́tà", wọ́n sì ní orúkọ kan ṣoṣo náà ti tó. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò rò pé ó tó.

Ní Ìkòròdú níbí, bí ẹ bá pe ẹnì kan ní akólẹ́tà ní agbègbè Sábó, ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn yóò kọ́kọ́ wò bóyá ó gbé àpò ilé ìfìwéránṣẹ́ dání, nítorí pé lẹ́tà tí a ń kọ ránṣẹ́ síra wa àti lẹ́tà inú ábídí, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bí a bá fi "pé" kún un, tí ó di "akólẹ́tàpé", ìyẹn bọ́ kúrò nínú ìdàrúdàpọ̀ náà: ọ̀rọ̀ tí ó kó gbogbo lẹ́tà tí a kà sílẹ̀ láìku ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúwo jù ni pé "kí lẹ́tà wà nínú ọ̀rọ̀" kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ wo fáwẹ́lì márààrún tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ sílẹ̀. Education kó wọn pé, ṣùgbọ́n e ni ó ṣíwájú nínú rẹ̀, kí u, a, i àti o tó tẹ̀ lé e. Facetious, tí wọ́n ń lò fún ẹni tí ń fi ọ̀ràn gidi ṣe yẹ̀yẹ́, kó wọn pé, ó sì tò wọ́n bí a ti ń kà á, a, e, i, o, u, láìṣi ọ̀kan gbé síwájú èkejì. Èyí ni mo fẹ́ kí á máa pè ní "atolẹ́tà". Ẹ̀yà kẹta ni èyí tí àwọn lẹ́tà náà fara kanra, tí nǹkan kan kò wà láàárín wọn. Bí a bá ní kí ènìyàn wá x, y àti z, oxygenize tò wọ́n, àmọ́ lẹ́tà mẹ́rin ni ó wọ àárín y àti z. Hydroxyzine, orúkọ oògùn kan tí wọ́n ń lò fún ara yíyún, so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ gbọningbọnin. Ìyẹn ni "asolẹ́tàpọ̀".

Gbogbo asolẹ́tàpọ̀ ni ó jẹ́ atolẹ́tà, gbogbo atolẹ́tà sì ni akólẹ́tàpé, ṣùgbọ́n a kò lè yí i padà. Ẹni tí ó bá ti fi grep, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣàwárí ọ̀rọ̀, wá ọ̀rọ̀ rí nínú fáìlì àkójọ ọ̀rọ̀ yóò jẹ́rìí sí i pé àṣẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: fún asolẹ́tàpọ̀, xyz lásán ni a óò tẹ̀; fún atolẹ́tà, a óò fi àmì ìdánudúró àti ìràwọ̀ há àárín wọn, x.*y.*z, èyí tí ń sọ fún ẹ̀rọ pé ohun yòówù lè wà níbẹ̀ tàbí kí ó má sí rárá. Fún akólẹ́tàpé, ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí á wá lẹ́tà kan, kí á tún wá òmíràn nínú èsì rẹ̀, títí wọn yóò fi tán. Bí ẹ̀rọ bá gba àṣẹ mẹ́ta, n kò rí ìdí tí àwa yóò fi fi orúkọ kan bo gbogbo rẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé ìtò ta ni à ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ uncomplimentary sí ojú pátákó, ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ìlà sábẹ́ u, o, i, e àti a, ó ní wọ́n tò, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú ni. Lójú tèmi, atolẹ́tà ni bí ó bá jẹ́ pé u, o, i, e, a ni wọ́n kà fún un. Bí wọ́n ṣe ka lẹ́tà sílẹ̀ ni à ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ábídí.

Ẹ̀gbọ́n tún fẹ́ kí "gígùn" wọ inú orúkọ náà, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, ọ̀rọ̀ gígùn ni Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, fi gba ife-ẹ̀yẹ Scrabble àgbáyé ní Perth, ní Ọsirélíà, lọ́dún 2015. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni wọ́n mọ àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ́ nínú ìdíje yẹn, kí wọ́n má bàa la ojú pátákó sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń bá ta. Felty, lẹ́tà márùn-ún péré, wà lára ohun tí Jighere fi borí. Yàtọ̀ sí èyí, "ọ̀rọ̀ gígùn" létí Yorùbá ni èyí tí alága ìnáwó máa ń sọ tí oúnjẹ fi ń tutù. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pọ̀ lẹ́tà ni kí á wí nígbà tí a bá nílò rẹ̀, kí á má fi í sínú orúkọ.

Bí a bá sì fẹ́ ta eré náà ní èdè tiwa, gb yóò dá wàhálà sílẹ̀. Ẹyọ lẹ́tà kan ni gb nínú ábídí wa, nítorí náà agbára kò ní g, kò sì ní b; bákan náà ni e kò sí nínú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi di "lẹ́tà" mú nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí n kò gba "àmì" tí àwọn kan mú wá, nítorí pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ pàápàá, àmì ni wọ́n.

Ohun tí ó kù tí mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n bá wa dá sí ni sacrilegious. A, e, i, o àti u tò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n i kan ti kọ́kọ́ yọjú ṣáájú e. Atolẹ́tà ni mo kà á sí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ní kí lẹ́tà má ṣe padà wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó jẹ́ ẹẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sọ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì pè é ní atolẹ́tà aláìtúnkọ.