Àbọ̀ lórí ìwé tí mo béèrè fún ọmọ mi

Mo béèrè lọ́wọ́ yín lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé wo ló lè la ọmọbìnrin mi lójú, ọmọ ọdún 14 tó ń bi mí ní "kí ló fà á?" látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ ṣé o.

Sophie's World (1991) ti Jostein Gaarder ló ṣiṣẹ́ jù. Ọmọ inú ìwé náà jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, lẹ́tà àdììtú sì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ọgbọ́n orí fún un. Ọmọ mi ń fi pẹ́ńsùlù kọ ìbéèrè tirẹ̀ sétí ìwé. Mo rí ọ̀kan: "Bí mo bá gbàgbé gbogbo nǹkan, ṣé èmi náà ṣì ni?" Inú mi dùn dé ibi tí omi fi lé sí mi lójú.

A Brief History of Time ti Stephen Hawking, ìwé sáyẹ́ǹsì lórí bí àgbáyé ṣe bẹ̀rẹ̀, kò rọrùn. Ọmọ mi kà á dé àárín, ó pa á dé. Ìmọ̀ràn ẹni tó ní ká jọ máa kà á ló gbà wá: orí kan lọ́sẹ̀ kan.

Èyí tó kù ni ìwé ìtàn. Méjì tí mo rà, kò tíì ṣí wọn. Mo fi wọ́n sórí tábìlì, n kò fipá mú un.