Ìlú méjì kan náà, wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹ wá sọ ìrírí yín

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́.

Lọ́dún 2019, mo wọ bàálù láti Helsinki ní Finland lọ sí Tokyo ní Japan. Wákàtí 9 àti ààbọ̀, a ti balẹ̀. Nígbà tí èmi àti màmá mi fẹ́ gba ọ̀nà yẹn lọ́dún 2023, n kò wo tíkẹ́ẹ̀tì fínnífínní, ti àtijọ́ ni mo fi ṣírò. Ṣebí ìlú méjèèjì ò kúrò níbi tí wọ́n wà, nǹkan bí 7,800 kìlómítà náà ni. Màmá ní oògùn orúnkún tí wọ́n ń lò ní wákàtí 6-6. Hóró 2 ni mo mú sínú báàgì ọwọ́. Ìyókù wà nínú àpótí nísàlẹ̀ bàálù.

Wákàtí 13 la lò lókè! Láti ọdún 2022 tí ogun Ukraine ti bẹ̀rẹ̀ ni Rọ́ṣíà ti ti ojú òfuurufú rẹ̀ mọ́ àwọn bàálù Yúróòpù, wọn ò lè gba orí Siberia, ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó wà lápá ìlà-oòrùn, kọjá mọ́. Àwòrán ilẹ̀ iwájú àga mi ló là mí lójú: bàálù kékeré inú rẹ̀ ò kọjú sí ìlà-oòrùn rárá, àríwá ló dorí kọ. A gba orí Norway, a gba North Pole, ìyẹn ṣóńṣó àríwá ayé, ká tó wá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alaska lọ sí Japan. Wọ́n ń pín ìwé ẹ̀rí kékeré fún wa pé a ti fò kọjá North Pole, àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Ọwọ́ màmá ò kúrò lórí orúnkún. Agbára hóró kejì ti tán lára wọn. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ fà wọ́n lọ́wọ́, ó ń bá wọn rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àga títí wọ́n fi ní ká de bẹ́líìtì. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọmọbìnrin yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó oògùn tó pọ̀ ju wákàtí ìrìn àjò lọ sọ́wọ́.

Ìdáhùn kìíní:

Ẹ kú ewu o, ẹ bá wa kí màmá. Ti èmi, atẹ́gùn ni. New York sí London, nǹkan bí 5,500 kìlómítà, wákàtí 6 àti ààbọ̀ ni mo lò. Nígbà tí mo ń padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8. Atẹ́gùn líle kan wà lókè níbi tí bàálù ń fò, láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá. Ó ń ti ẹni tó ń lọ sí London lẹ́yìn, ó ń dínà fún ẹni tó ń bọ̀. Ní February 2020, nígbà ìjì kan, bàálù kan fi èyí tí kò tó wákàtí 5 dé London.

Ìdáhùn kejì:

Aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni o, ẹ má yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Mo kúrò ní Tokyo ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ Tuesday, mo dé Los Angeles ní aago 11 àárọ̀ Tuesday yẹn kan náà, bẹ́ẹ̀ mo lo wákàtí 10 lókè. Wednesday ni mo ti sọ fún àbúrò mi. Orí àpótí mi ni mo jókòó sí títí ó fi tibi iṣẹ́ dé.