Ajá wo ló bá ẹni tó fẹ́ràn eré sísá mu ní Ìbàdàn?

Ọmọ Bódìjà (Calgary): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mò ń kó bọ̀ nílé, ní Ìbàdàn, kí ọdún yìí tó parí. Mi ò sin ajá rí. Àràárọ̀ ni mo máa ń sáré níbí, mo sì máa ń gun òkè lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà mo fẹ́ ajá tí a ó jọ máa jáde. Husky ló wù mí. Kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́n Àkóbọ̀: Àbúrò, a ń retí rẹ o. Jọ̀ọ́, yọ Husky kúrò níbẹ̀. Ajá tó ń fa ẹrù lórí yìnyín ní Siberia ni, ìpele méjì ni irun ara rẹ̀, ti abẹ́ sì ki bí òwú. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni òógùn díẹ̀ ti ń yọ lára rẹ̀, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Tí oòrùn oṣù kejì bá mú, tí wọ́n sì mú iná lọ, kí lo fẹ́ ṣe fún un? Àwọn tó nímú pẹlẹbẹ, bíi Bulldog àti Pug, má dá wọn lé rárá. Ooru lè gbẹ̀mí wọn lójú ọ̀nà.

Ajá ìbílẹ̀ wa ni èmi máa kọ́kọ́ mú, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bingo. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa yínmú. Àmọ́ wò ó dáadáa: irun rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ fúyẹ́, inú ooru yìí ni wọ́n bí ìyá àti bàbá rẹ̀ sí. Òun làwọn ọdẹ wa ń mú wọ igbó. Gbà á ní kékeré, bíi ọmọ oṣù méjì, kọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù, yóò bá ọ sáré títí yóò fi rẹ ìwọ gan-an. Ṣùgbọ́n tí òkété bá sáré kọjá, ó ti gbá tẹ̀ lé e nìyẹn, torí náà má tú okùn lọ́rùn rẹ̀ níta.

Tó bá jẹ́ dandan ni ajá òyìnbó, Labrador ni. Ó fẹ́ràn èèyàn, ó sì tètè ń gbọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀kánjúwà oúnjẹ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: bí gbogbo ará ilé bá ń ju ẹ̀bà sí i, á sanra, ìbàdí á sì máa dùn ún. Alsatian gbọ́n, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Boerboel àti Caucasian, àwọn ajá ńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́lé, kì í ṣe ajá àkọ́sìn.

Ìyá Ìbejì (Manchester): Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Kí àwa tó wà lọ́hùn-ún náà gbọ́ o: láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, ẹni tó bá ní XL Bully, irú ajá ńlá alágbára kan, ní England àti Wales láìní ìwé àṣẹ ti rú òfin. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ajá wá síbí láti Nàìjíríà, microchip, ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ, ni àkọ́kọ́, kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Tó bá pé 30 ọjọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, ẹ ó sì tún dúró oṣù mẹ́ta.

Ọmọ Bódìjà (Calgary): Ẹ ṣé gan-an, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbàgbé Husky. Ìgbà wo la lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré?

Ẹ̀gbọ́n Àkóbọ̀: Má kánjú. Eegun ọmọ ajá kò tíì gbó. Labrador á tó ọmọ ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ kó tó lè sáré ọ̀nà jíjìn. Kó tó dìgbà náà, eré inú ọgbà àti ìrìn díẹ̀ ti tó. Kùtùkùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa jáde. Gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ lé ọ̀dà títì, ka ení, èjì dé èje. Tí ó bá ta ọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá á bó. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Ààrẹ, lọ́nà Bower's Tower, á tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tó bá jẹ́ Agodi Gardens tàbí IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá wọ́n ń gba ajá wọlé. Ẹ̀rù ajá máa ń ba àwọn èèyàn wa, má wulẹ̀ máa pariwo pé "kì í géni jẹ". Fa okùn mọ́ra kí wọ́n kọjá.

Tí ẹ bá ti darí dé, wá eégbọn: inú etí, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ ìrù. Fi ẹ̀mú kékeré mú un nídìí, níbi tó ti so mọ́ awọ, kí o fà á tààrà. Má da kẹrosín-ìn sí i lára. Àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn ń fà ti pa ọ̀pọ̀ ajá tó dára.

Kí o tó sanwó, rí ìyá ọmọ ajá náà, kí o sì gba káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ti pávò, àìsàn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì máa gún un léraléra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi ń bẹ̀rẹ̀ ní bíi oṣù mẹ́ta. Ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ni kí o gbé e lọ. Títí abẹ́rẹ́ pávò yóò fi pé, gbé e mọ́ àyà tí o bá ń jáde, má jẹ́ kó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ níbi tí ajá ẹlòmíì ń ṣu sí.