Ẹ wá jẹun láìsí ẹran: ohun tí ojú wa rí ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ aláìlẹ́ran tí àwa kan ń gbé jáde sí gbangba ni mo fẹ́ kí a jọ sọ. Mo mọ̀ pé a pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí káàkiri Òkè Ọya, àmọ́ kálukú ló ń dá tiẹ̀ ṣe ní kọ̀rọ̀ ibi tó wà. N ó kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá la máa ń ṣe tiwa. Ọjọ́ òmìnira ni gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ọ́n sí, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1977 ni ẹgbẹ́ àwọn tí kì í jẹ ẹran ní Àríwá Amẹ́ríkà ti ya ọjọ́ kan náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ oúnjẹ aláìlẹ́ran lágbàáyé. Ó sì bọ́ sí i fún wa, torí ìsinmi ni: ọ́fíìsì ìjọba tì, àwọn ọmọ wà nílé, àwọn òbí ń wá ibi tí wọ́n máa kó wọn lọ. A máa ń ta àgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò wa. A kì í kọ ọ́ sára pátákó pé ẹran burú. "Ẹ wá jẹun" la ń kọ, ní Yorùbá, ní Haúsá àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Kí oòrùn tó mú, gbẹ̀gìrì ti jinná, a ti ja ewédú, àmàlà wà nínú kúlà. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ wà níbẹ̀ tí a fi olú àti irú rò. Mọ́ínmọ́ín aléwé wà, kò lẹ́yin, kò lẹ́ja. A máa ń ṣe dáńwáké, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà ṣe, àti àwárá díndín, ìyẹn wàrà sóyà, fún àwọn ará Haúsá tó yí wa ká, àwọn Yorùbá ló sì máa ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bàbá kan wà, ọmọ Òṣogbo, tó ti pẹ́ ní Àbújá ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ ro ọbẹ̀ náà títí, wọ́n wá wojú mi: "Ìyàwó, ẹran dà?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, mà á dá yín lóhùn." Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní kí n fi àmàlà kan sí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ pé báyìí ni ìyá àwọn ṣe máa ń sè é lóko, pé ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ tí ọdẹ bá rí ẹran pa nìkan ni ẹran ń wọ ìkòkò wọn. Kò tún kan èmi láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ní tábìlì yẹn mọ́. Bàbá ló ń ṣe é. Wọ́n ń ka ẹ̀fọ́ tí wọ́n mọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ létí: tẹ̀tẹ̀, wọ́rọ̀wọ́, ẹ̀bọ́lọ̀, yánrin, gbúre. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Àbújá ò mọ ìdajì nínú wọn.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ti màì súyà tó máa ń na igi ẹran ní ìkángun pápá náà. Àwọn kan nínú wa ń bẹ̀rù pé ó máa bínú. Mo lọ bá a ṣáájú ọjọ́ náà, mo kí i dáadáa, mo ní mo fẹ́ ra yájì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kúlíkúlí, atalẹ̀, ata àti iyọ̀ ló wà nínú yájì, kò sí ẹran níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá fi han àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń fi epo ẹ̀pà àti yájì pa olú lára kí wọ́n tó gbé e sórí iná, lórí àrò tiwa tí ẹran ò kàn rí. Kò sẹ́ni tó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, òun náà ò sì bá wa jà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano, ní Jos, ní Kaduna, ẹ sọ̀rọ̀ o.

Ọmọ Ṣakí, Kano

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Sábóngàrí ni mo wà. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni tiwa, ìyẹn ọjọ́ àwọn fígàn, àwọn tí kì í jẹ ẹran, tí kì í jẹ ẹyin, tí kì í mu wàrà, tí oyin pàápàá kì í kan ẹnu wọn. Ọdún 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, nígbà tí ẹgbẹ́ fígàn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé àádọ́ta ọdún.

Ètò àkọ́kọ́ tí mo lọ, àwọn tó gbé e kalẹ̀ wá láti ìlú mìíràn. Yàrá ńlá kan ni wọ́n gbà, wọ́n gbé pírójẹ́tọ̀ wá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wàrà tí wọ́n fi álímọ́ńdì ṣe wà lórí tábìlì, wàrà líle tí wọ́n fi kaṣú ṣe náà wà níbẹ̀. Ohun rere ni, n kò bú wọn. Àmọ́ nígbà tí mo jáde síta, àwọn obìnrin mẹ́ta kan jókòó sí etí títì tí wọ́n ń dín àwárá, èrò tò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bu yájì lé e, wọ́n rẹ́ kábéèjì àti àlùbọ́sà sí i, wọ́n fi bébà wé e. Sóyà ni, epo ẹ̀pà ni. Oúnjẹ fígàn tí wọ́n ń fi pírójẹ́tọ̀ wá nínú ilé ni èrò ń fowó ara wọn rà níta. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò.

Nígbà tó kan àwa Yorùbá àdúgbò láti ṣètò tiwa, àwọn obìnrin yẹn la kọ́kọ́ lọ bá. A sanwó fún wọn kí wọ́n wá dín in níbẹ̀. A ra ẹ̀wà àti sóyà ní ọjà Dawanau, ibi tí ọkà Òkè Ọya ti ń pàdé. A ní kí wọ́n fi kúkà se ọbẹ̀ fún wa, kí wọ́n fi dàdáwà, ìyẹn irú àwọn Haúsá, àti ẹ̀pà gbè é lẹ́sẹ̀ láìfi ẹran sí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé kúkà yìí náà ni lúrú tí wọ́n ń jẹ ní Ṣakí àti Ìlọrin, ewé igi oṣè? Ìyá àgbà kan láti Ìlọrin jẹ ẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìyá wọn.

Ibi tó ṣòro fún wa ni fúrá. Ẹni tó bá ti mọ fúrá da nónò, ìyẹn fúrá tí wọ́n fi jéró ṣe, tí wọ́n pò mọ́ nónò, wàrà kíkan, kò fẹ́ gbọ́ pé kí ó fi nónò sílẹ̀, òwò àwọn obìnrin Fúlàní sì ni nónò. A ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. A po fúrá mọ́ omi ọ̀fíọ̀ tí wọ́n ń pè ní kúnù ayà, a gbé e síbẹ̀ kí ẹni tó bá wù mu ún. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé àwọn tí wàrà màlúù máa ń yọ nínú lẹ́nu ló ń padà wá bu ú.

Kọ́pà, Samaru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Zaria ni wọ́n gbé mi lọ sìnrú ìlú. Nínú iṣẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí àwa kọ́pà máa ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo dábàá pé kí a pe àwọn ìyá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan wá, kí a jọ ṣe àwárá ní gbangba. Ìdí tí mo fi mú sóyà ni pé nǹkan bíi gíráàmù 36 nínú gíráàmù 100 rẹ̀ tó gbẹ ló jẹ́ púrótéènì, ẹ̀wà lásán kò sì ju nǹkan bíi 23 tàbí 24 lọ. Àwọn ìyá yẹn ò bìkítà fún ìṣirò mi, bí ọmọ ṣe máa yó ni wọ́n ń bi mí.

A rẹ sóyà mọ́jú, a lọ̀ ọ́, a fi aṣọ sẹ́ ẹ, a gbé omi rẹ̀ kaná. Ó ń hó, mo mú áláọ̀mù (alum) jáde láti fi mú un dì. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà dá mi lọ́wọ́ kọ́, ó ní kí n dúró. Ó mú omi àjàgbọn tó ti rẹ sílẹ̀ láti ilé, tí Haúsá ń pè ní tsamiya, ó ń ta á sí i díẹ̀díẹ̀. Lójú wa níbẹ̀ ló dì, omi rẹ̀ sì mọ́ kedere. Wọ́n dà á sínú aṣọ, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́, wọ́n gé e, wọ́n dín in. Èérí sóyà tó kù lára aṣọ, wọn ò dà á nù. Wọ́n gún ata àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, wọ́n fi dín àkàrà. Ìyá yẹn ló ń kọ́ àwọn yòókù láti ìgbà náà, èmi wá di ẹni tó ń kọ̀wé sílẹ̀. Bí mo bá padà sílé ní Abẹ́òkúta, ohun tí mo máa kọ́kọ́ ṣe fún màmá mi nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì, Gwagwalada

Mo fẹ́ sọ èyí tó ń dùn mí. Èmi náà kì í jẹ ẹran, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tàn kálẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní dákẹ́.

Ètò kan wáyé nínú ọgbà kan láàárín ìlú Àbújá. Oúnjẹ dára, orin ń lọ. Ẹnì kan wá gba maìkì, ó ní ẹni tó bá ń jẹ ewé zógálè (moringa), tó fi ẹran sílẹ̀, kó da oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ nù. Bàbá kan tó jókòó tì mí yọ oògùn nínú àpò, ó ń wò ó. Àyà mi já. Mo dìde, mo bẹ olùdarí ètò pé kó fún mi ní maìkì. Mo ní, ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ácà, ọkà wẹ́wẹ́ Òkè Ọya, ó máa ṣe ara yín lóore. Ṣùgbọ́n dókítà yín nìkan ló lè dín oògùn yín kù, lẹ́yìn tó bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Mo tún bá bàbá náà sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí i pé ó dá oògùn rẹ̀ padà sápò.

Ohun kejì tí a kì í sọ níbi àgọ́ wa ni fítámì B12. Ẹni tí kò jẹ ẹran, tí kò jẹ ẹja, tí kò jẹ ẹyin, tí kò mu wàrà, kò sí ewé tó lè fún un ní èyí tó tó. Irú àti dàdáwà kò ṣeé gbára lé fún un. Àgbàlagbà nílò nǹkan bíi máíkírógíráàmù 2.4 lójúmọ́, oògùn oníhóró tàbí oúnjẹ tí wọ́n ti fi í sí ló máa bá a rí i. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa ń rò pé kò sí nǹkan, títí ẹ̀jẹ̀ á fi máa gbẹ, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á sì máa kú. Aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ má fi ṣeré rárá.

Nípa ẹ̀jẹ̀, ẹ mu ọsàn mọ́ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ yín, ó máa jẹ́ kí ara gba áyọ́ọ̀nù (iron) inú wọn. Tíì ńkọ́? Ẹ fi í sí ìgbà tí oúnjẹ ti dà.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ nǹkan tó dájú nípa ẹran, òtítọ́ wà nílẹ̀ tó tó sọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka sọ́séèjì àti irú ẹran bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kẹ́míkà àti èéfín tọ́jú mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹran pupa fúnra rẹ̀, wọ́n ní ó jọ pé ó lè fà á. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe wà, kí ẹ má fi kún un.

Alhaja, Kaduna

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọ̀rọ̀ yín ló mú mi sọ tèmi. Àwa obìnrin mùsùlùmí Yorùbá kan ní Kaduna máa ń gbé oúnjẹ ìṣínu jáde fún gbogbo èrò nínú Ramadan, àkàrà àti kókó, àwárá, ẹ̀wà, èso. Ó ṣe díẹ̀, arákùnrin kan dìde, ó ní ṣé a fẹ́ sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe ní halal di haramu ni. Ó ka ìbẹ̀rẹ̀ Sura At-Tahrim nínú Kùránì fún wa. Mo dá a lóhùn pé òótọ́ ni ẹsẹ Kùránì yẹn, a ò sì sọ ẹran di èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní bí ènìyàn bá yàn láti jẹ ẹ̀wà lálẹ́ òní, haramu wo ló wà níbẹ̀? Àlùfáà wa gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jẹ àkàrà tiwọn níwájú gbogbo èèyàn.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò, ẹ má gbé àgọ́ yín jáde nígbà Iléyá láti bá àwọn tó ń pa àgbò wí. Ẹran yẹn, ìdá kan rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ aláìní. Ẹ wá ọjọ́ mìíràn.

Ọmọ Ìlíṣàn, Nyanya

Èmi ọmọ ìjọ Adventist ni, ọ̀pọ̀ nínú wa ò sì jẹ ẹran láti kékeré. Inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń ṣe ọjọ́ ìlera wa tẹ́lẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó jẹ́ mùsùlùmí máa ń wò wá láti ìta, wọ́n á rò pé a fẹ́ yí wọn lẹ́sìn padà ni. Ìgbà tí a gbé e lọ sí gbangba tó súnmọ́ ibùdókọ̀, tí Alhaja kan sì jọ sè é pẹ̀lú wa, ni wọ́n tó wọlé.

Alácà, Jos

Ácà ni kí ẹ máa fi ṣe jọ̀lọ́ọ̀fù níbi ètò yín. Ọmọ bíbí Plateau ni, ó máa ń yára jinná, àwọn alátọ̀gbẹ sì máa ń béèrè fún un. Tiwa ní Jos níbí, a fi kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀wà tútù sè é, ìkòkò gbẹ.

Awakọ̀, Lugbe

Ẹ̀gbọ́n, owó ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹran ti kúrò lọ́wọ́ wa lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀wà náà gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ife. Báwo lẹ ṣe ń bọ́ gbogbo èrò yẹn lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìyá Ìbejì, Kubwa

Àbúrò, ìbéèrè gidi lẹ bi. A kì í fi gbogbo rẹ̀ ṣe ọ̀fẹ́. Àwo àkọ́kọ́ ni ọ̀fẹ́, kékeré sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ òmíràn á sanwó. Ilé kọ̀ọ̀kan nínú wa ló ń se ìkòkò kan wá. Èso, ọjà Zuba la ti ń rà á láàárọ̀ kùtùkùtù, kó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn alágbàtà. Ẹ̀wà, a ti ń rà á ní àpò nígbà ìkórè, a ń pín in tọ́jú sílé ara wa.

Alácà, bí ẹ bá rí awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Àbújá lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ìlàjì àpò ácà àti kárọ́ọ̀tì díẹ̀ ránṣẹ́. A ó san owó rẹ̀ àti owó ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.