Ọ̀rọ̀ ilé Bódìjà yẹn ti parí o

Ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo bi yín bóyá kí n ra ilé àtijọ́ kan ní Old Bódìjà n'Íbàdàn, àbí kí n ra ilẹ̀ ní Mọ́níyà kí n máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Mi ò ra ilé Bódìjà yẹn mọ́.

Ẹni tó ní kí n mú bíríkìlà dání lọ wo ilé náà, ẹ ṣeun gan-an ni. Ilé yẹn wù mí, igi máńgòrò ńlá wà lẹ́yìnkùlé, yàrá ẹ̀ fẹ̀, kì í ṣe ti ìsinsìnyí tí bẹ́ẹ̀dì bá ti wọlé ó ti tán. Àfi bí bàbá bíríkìlà ṣe fi ìka tẹ ògiri lẹ́yìn kọ́tìnnì tí ìka ẹ̀ rì wọlé! Ìbúgbàù tó ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà ní oṣù kìíní 2024 yẹn ló la ògiri, wọ́n wá rẹ́ ẹ kun ọ̀dà lé e, ẹni tó ń tà á ò sì mí sí i. Ìwé ẹ̀ náà, líìsì (ilẹ̀ yíyá) ọdún 99 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1961 ni, 2060 ló máa tán, gómìnà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di tèmi, owó lọ́tọ̀ nìyẹn o.

Mo ti san àsansílẹ̀ ilẹ̀ Mọ́níyà lánàá, lọ́yà ti yẹ ìwé ẹ̀ wò. Máńgòrò yẹn ló ṣì ń dùn mí ṣá.